Ìdáhùn fún ìyá tó fẹ́ tọ́ oúnjẹ òyìnbó wò ní Leeds

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Alhaja sì ni wọ́n. Ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Leeds ti ní kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun nínú oṣù kẹsàn-án. Ìbéèrè wọn nìyí: "Gbogbo ẹni tó ti dé Ìlú Ọba ló ń sọ fún mi pé oúnjẹ òyìnbó ò ládùn, pé kí n di ata àti ẹ̀gúsí mọ́ ẹrù. Ọmọ mi náà ní òun á máa ro àmàlà fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wọ bàálù lọ sílùú onílùú kí n wá jókòó ti àmàlà tí mo fi sílẹ̀ nílé. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi ò sì mu ọtí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni kí n ṣe tí ojú ò fi ní ti ọmọ mi láàárín wọn?"

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, Màmá. Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀. Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń dáná nílé oúnjẹ ní Yorkshire, àgbègbè tí Leeds wà gan-an. Àwọn ọmọ wa tó ń bi mí níbi tí wọ́n ti lè rí ṣọkọ àti pọ̀nmọ́ rà ò lóǹkà. Ẹni tó fẹ́ mọ oúnjẹ onílé ò tó nǹkan. Inú mi dùn sí lẹ́tà yín, n ó sì dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó fi nǹkan kan kan ẹnu. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó se ọbẹ̀ ló ń parí adùn rẹ̀. Kí ìkòkò tó sọ̀ kalẹ̀, iyọ̀ ti tó, ata ti tó, irú ti wọnú rẹ̀. Ẹni tó bá tún ń wá iyọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, àbùkù ló fi ń kan alásè. Ní Ìlú Ọba, alásè á se é débì kan, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgò fi ń kún orí tábìlì wọn: iyọ̀, ata dúdú, fínígà, mọ́sítáàdì, ọbẹ̀ dúdú inú ìgò tí wọ́n ń pè ní HP Sauce. Àlejò tí kò mọ̀ á jẹ ẹran náà lásán, á ní kò dùn. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ òun gan-an ni kò tíì parí oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un.

Nítorí náà, kí ẹ mọ ìgò tó bá oúnjẹ kọ̀ọ̀kan lọ. Mọ́sítáàdì àti horseradish, gbòǹgbò kan tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, ẹran màlúù ni wọ́n ń fi wọ́n jẹ. Ẹ fi orí ṣíbí tíì bù wọ́n, nítorí wọn kì í ta bí ata rodo tó ń jó ahọ́n. Imú ni wọ́n ń gbà gun orí, tí omi á sì máa dà lójú ẹni. Ewé mint tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú fínígà àti ṣúgà, ti ẹran àgùntàn nìyẹn. Fínígà nìkan, ti ẹja díndín. HP Sauce, ti oúnjẹ àárọ̀, àjàgbọn àti dàbínù sì wà nínú rẹ̀, ẹnu yín á dá wọn mọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ata gígún yín wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ fi nǹkan tiwọn jẹ oúnjẹ tiwọn.

Ìròyìn tí wọ́n sọ fún yín pé kò ládùn ní ibi tó ti wá. Nígbà ogun àgbáyé kejì, láti oṣù kìíní ọdún 1940, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wọn oúnjẹ fún aráàlú. Békìn, bọ́tà àti ṣúgà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹran, tíì, wàràkàṣì tẹ̀lé e. Oṣù keje ọdún 1954 ni ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko! Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti di ọmọ ogún ọdún nígbà tó parí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ìyá rẹ̀ kó fi bọ́tà púpọ̀ tàbí ẹran púpọ̀ dáná. Àwọn bàbá wa tó lọ kàwé níbẹ̀ láyé ọjọ́un, oúnjẹ irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá, òun ni wọ́n sì wá ròyìn nílé. Ìròyìn náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ìkòkò wọn ti yí padà tipẹ́.

Ẹja díndín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fish and chips. Àwọn Júù tó wá láti Sípéènì àti Pọ́túgà ló mú ẹja tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò kí wọ́n tó dín in wọ London. Nígbà tó di bíi ọdún 1860, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta á pọ̀ mọ́ pòtétò díndín, ní London àti ní Lancashire. Ìbí ní òun ló ṣáájú, ọ̀hún ní òun ni, àríyànjiyàn náà ò sì tíì tán. Nígbà ogun tí mo sọ yẹn, ìjọba kò wọn ẹja díndín fún ẹnikẹ́ni, wọ́n jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, kí ara àwọn èèyàn lè balẹ̀.

Ẹja kò ní wàhálà fún Mùsùlùmí, ohun tí wọ́n fi dín in ni kí ẹ ṣọ́. Ní Yorkshire, ọ̀rá màlúù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń lò, dripping ni wọ́n ń pè é, màlúù tí wọn ò sì dú nílànà ẹ̀sìn yín ni. Kí ọmọ yín béèrè kó tó sanwó, bóyá òróró ni tàbí dripping. Ìbéèrè tí wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni, kò sí ẹni tí yóò fojú burúkú wò yín. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń fi òróró dín in wà káàkiri Leeds.

Tí ẹ bá wọlé, ẹ to sẹ́yìn ìlà, ẹ dúró síbi tí ẹ ti lè rí ọwọ́ aládìín. Ẹja haddock ni àwọn ará Yorkshire fẹ́ràn ju ẹja cod lọ, wọ́n á sì ti bó awọ rẹ̀ kúrò. Á mú un níbi ìrù, á fà á kọjá nínú ìyẹ̀fun pípò, á wá máa jù ú síwá sẹ́yìn lójú òróró kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó má baà rì kó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni yóò fi wú, tí yóò pọ́n bí àkàrà tó jinná. Tí ọ̀bẹ bá kàn án, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀. Pòtétò tiwọn tóbi, inú rẹ̀ rọ̀, ó sún mọ́ dùndún tí a kò dín gbẹ. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ iyọ̀ àti fínígà. Ẹ ní ẹ fẹ́, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dà á dáadáa, nítorí fínígà yẹn ló ń gé òróró lẹ́nu. Ẹ tún béèrè scraps, ẹ̀ẹ́rún ìyẹ̀fun tó já bọ́ sínú òróró tó sì gbẹ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Yorkshire kì í gbowó rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ Ìbàdàn tọ́ wò jù níbẹ̀ ni mushy peas. Ẹ̀wà roboto aláwọ̀ ewé tó ti gbẹ ni wọ́n ń rẹ sómi mọ́jú pẹ̀lú sódà, bí àwa náà ṣe máa ń fi kán-ún sẹ́wà kó lè tètè rọ̀. Wọ́n á wá sè é títí tí yóò fi fọ́ mọ́ra. Gbẹ̀gìrì ni, Màmá! Gbẹ̀gìrì tí kò mọ ata, tí kò mọ epo. Ẹ bu fínígà sí i, kí ẹ fi ẹja run ún.

Tí àyè bá wà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mú yín lọ sí Whitby létí òkun fún ọjọ́ kan. Bọ́ọ̀sì wà láti Leeds, ó ń lò ju wákàtí mẹ́ta lọ, ó sì ń gba orí àwọn òkè kọjá. Tí oṣù kẹsàn-án bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òdòdó aláwọ̀ àlùkò ṣì lè wà lórí wọn. Lójú ọ̀nà tóóró kan níbẹ̀ ni ilé kékeré kan wà, Fortune's, tí wọ́n ti ń yan kipper láti ọdún 1872. Kipper yìí, ṣàwá ni: ẹja kan náà tí wọ́n ń tà fún yín nínú yìnyín ní Bódìjà. Wọ́n á là á láti ẹ̀yìn, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi iyọ̀, wọ́n á wá so ó kọ́ sókè èéfín igi. Òórùn ẹja yíyan yẹn, ẹni tó bá dàgbà nílé Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Ẹ rà á, kí ẹ jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú búrẹ́dì àti bọ́tà. Kí ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ tó gbé e kaná. Tí ẹ bá sì ń jẹun níta ní Whitby, ẹ di oúnjẹ yín mú: àwọn ẹyẹ òkun ibẹ̀ ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Oúnjẹ àárọ̀ wọn tó lórúkọ, full English, ẹlẹ́dẹ̀ ló kún inú rẹ̀: békìn, sọ́sééjì, àti black pudding, tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi óòtì dì. Ẹ má tìtorí ìyẹn fò ó. Ní Harehills, ní Leeds níbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí pọ̀, ẹ sì lè rí ibi tí wọ́n ti ń fi sọ́sééjì ẹran màlúù àti tòlótòló dípò rẹ̀. Ẹyin, olú díndín, tòmátò àti búrẹ́dì yíyan kò yí padà. Ẹ̀wà inú agolo yẹn dùn bíi pé wọ́n da ṣúgà sí i, wọ́n sì dà á sí i lóòótọ́. Ará Amẹ́ríkà ni Heinz tó ń ṣe é; ọdún 1886 ló kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, ní Fortnum & Mason, ṣọ́ọ̀bù àwọn olówó ní London. Lónìí, oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni. Ẹ bù ú lé búrẹ́dì yíyan tí bọ́tà ti yọ́ sí, kí ẹ kán HP Sauce sí i.

Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo ka sí ọba gbogbo wọn. Ẹran yíyan, pòtétò yíyan, kárọ́ọ̀tì, kábééjì, omi ẹran tí wọ́n ń pè ní gravy, àti Yorkshire pudding, ìyẹn fúláwà tí wọ́n pò mọ́ ẹyin tí wọ́n sì yan. Pub ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jẹ ẹ́. Ilé ọtí ni lóòótọ́, àmọ́ bàbá àgbà, ìyá ọmọ àti ọmọ ọwọ́ ni ẹ ó bá nídìí tábìlì. Síbẹ̀, ẹran ibẹ̀ kì í sábà jẹ́ halal, tí ọkàn yín ò bá sì gba ilé ọtí, ẹ má lọ. Ilé ọmọ yín ni kí ẹ ti sè é. Kí ó ra itan ọmọ àgùntàn lọ́dọ̀ alápatà halal, kí ẹ fi iyọ̀ àti ata dúdú pa á lára, kí ẹ yan án sínú oven. Omi tó bá sun jáde nídìí rẹ̀ ni ẹ ó fi fúláwà díẹ̀ àti omi gbígbóná rò di gravy.

Yorkshire pudding wá ni iṣẹ́ ọwọ́. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn ẹyin, mílíìkì àti fúláwà, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, kí ẹ fi iyọ̀ sí i. Ẹ lù ú kó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ bu òróró sínú ihò agolo kéèkì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sínú oven tó ti gbóná dé 220°C títí òróró yóò fi máa rú èéfín. Ìgbà yẹn ni ẹ ó da èyí tí ẹ lù sí i, kí ẹ yára ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ má sì ṣí i fún ogún ìṣẹ́jú, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Ojú gíláàsì ni kí ẹ ti máa wò ó. Á kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ bíi pé kò ní gbọ́. Etí rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, á gùn kọjá agolo, àárín á jìn kòtò, ara rẹ̀ á pọ́n. Kòtò yẹn ni gravy ń dúró sí. Láyé àtijọ́, òun àti gravy ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún ará ilé, kí ikùn ti yó díẹ̀ kí ẹran tó dé, nítorí ẹran wọ́n. Ìyá tó ti bọ́ ọmọ púpọ̀ rí yóò mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oúnjẹ Bradford kì í ṣe oúnjẹ Ìlú Ọba. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ ojú irin fi ń débẹ̀ láti Leeds. Àwọn ará Pakísítánì tó wá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú àti irun àgùntàn lẹ́yìn ogun ló fi kárì sọ ìlú náà di olókìkí. Kárì ti wà ní London tipẹ́ kí wọ́n tó dé: ọdún 1810 ni ọmọ Íńdíà kan, Sake Dean Mahomed, ti ṣí ilé oúnjẹ síbẹ̀. Lọ́dún 2001, Robin Cook tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sọ ọ́ ní gbangba pé chicken tikka masala, ìyẹn adìẹ yíyan nínú ọbẹ̀ kárì, ti di oúnjẹ orílẹ̀-èdè àwọn. Ní Bradford, halal pọ̀ yanturu, ata wà, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ sì fi ń bu ìṣù búrẹ́dì pẹlẹbẹ run ọbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ tí ẹnu yín bá ń wá ata.

Ọ̀rọ̀ "tea" lè kó yín sí wàhálà. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ará Yorkshire, "dinner" ni oúnjẹ ọ̀sán, "tea" sì ni oúnjẹ alẹ́. Tí aládùúgbò ọmọ yín bá ní kí ẹ wá jẹ tea ní aago márùn-ún àbọ̀, ẹ má jẹun yó kí ẹ tó lọ. Abọ́ oúnjẹ ni ẹ ó bá. Kí ọmọ yín ti sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, nítorí ohun tó ń dun onílé níbẹ̀ ni kí àlejò jókòó síwájú oúnjẹ tí kò lè jẹ. Ẹ lọ sí aago tí wọ́n dá gan-an, kí ẹ mú nǹkan kékeré dání, bísíkíìtì tàbí òdòdó. Abọ́ kálukú ni wọ́n ń bu tirẹ̀ sí, ẹ jẹ ẹ́ tán tí ẹ bá lè jẹ ẹ́ tán.

Tíì pẹ̀lú kéèkì tí ẹ ń rí nínú àwòrán, afternoon tea nìyẹn. Ìyàwó ọlọ́lá kan, Duchess ti Bedford, ni wọ́n ní ó dá a sílẹ̀ ní bíi ọdún 1840, nítorí ebi máa ń pa á láàárín ọ̀sán àti alẹ́. Bettys ní Harrogate, tí ará Swítsálandì kan dá sílẹ̀ ní 1919, kò jìnnà sí yín. Ìlà máa ń gùn níwájú rẹ̀, ẹ tètè lọ. Sáńwíìṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, lẹ́yìn náà scone, búrẹ́dì kékeré tó rọ̀ bíi kéèkì, pẹ̀lú jáàmù àti ọ̀rá wàrà, kéèkì kẹ́yìn. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa gelatine tó ń mú nǹkan dì, tí wọ́n sábà ń yọ lára ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù, nípa lard tó jẹ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, tó sì máa ń wà nínú èèpo páì, àti nípa trifle, kéèkì tí wọ́n tò mọ́ èso àti kọ́sítáàdì, tí wọ́n sábà máa ń da ọtí sí. Àmì V lára àkójọ oúnjẹ, tó túmọ̀ sí pé kò sí ẹran nínú rẹ̀, yóò gbà yín lọ́wọ́ ẹran àti ọ̀rá rẹ̀, kò lè gbà yín lọ́wọ́ ọtí.

Ti owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wo ìwé owó dáadáa: tí wọ́n bá ti kọ service charge sí i, tó sábà máa ń jẹ́ 12.5% ní London, ẹ má tún fún wọn lówó mìíràn. Tí kò bá sí níbẹ̀, ìdá mẹ́wàá tó, bí inú yín bá dùn sí iṣẹ́ wọn. Láti oṣù kẹwàá 2024 ni òfin ti fi dandan lé e pé gbogbo owó yẹn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Omi ẹ̀rọ ibẹ̀ mọ́, ẹ béèrè tap water, ọ̀fẹ́ ni.

Tí ẹ bá gba London kọjá, kí ẹ mọ̀ pé ọmọ wa kan, Adéjọkẹ́ Bákàrè, gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún ilé oúnjẹ, níbẹ̀ lọ́dún 2024 fún ilé oúnjẹ rẹ̀, Chishuru. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní Ìlú Ọba. Ẹ̀yin òǹkàwé yòókù tó bá ń lọ sí Skọ́tlándì, ẹ má sá fún haggis: ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ mọ́ óòtì àti àlùbọ́sà ni. Ẹni tó ń jẹ ṣàkì àti àbọ̀dí kò yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí oṣù kẹsàn-án fi sàn ju gbogbo oṣù yòókù lọ, Màmá. Èso blackberry ti ń pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nígbà náà, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá fẹ́ ká a. Ẹ mú abọ́, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín jáde lọ ká a, kí ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún rẹ̀. Ẹ gé ápù mọ́ ọn, ẹ fọwọ́ ra fúláwà, bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ títí yóò fi rí bíi gàrí tó rin, ẹ wọ́n ọn sórí rẹ̀, ẹ yan án. Kọ́sítáàdì gbígbóná ni wọ́n ń dà lé e lórí. Kọ́sítáàdì tí àwa ń fi àkàrà mu láàárọ̀ ni: ará Birmingham kan, Alfred Bird, ló ṣe ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ́dún 1837 nítorí ẹyin kò bá ìyàwó rẹ̀ lára mu, ìyẹ̀fun àgbàdo ló sì fi rọ́pò ẹyin, ìbátan ògì. Ẹ fi mílíìkì rò ó, kó ki díẹ̀ ju èyí tí ẹ ń mu nílé lọ, kí ẹ dà á sórí rẹ̀ nígbà tí méjèèjì ṣì ń gbóná.